Bí a ṣe ń yan ibi ìtọ́jú fún àgbàlagbà ní Àkúrẹ́, àti bí a ṣe ń ṣètò owó rẹ̀ kó má baà dáwọ́ dúró

Kì í ṣe rírí ibi tí a ó gbé àgbà sí ló ń ṣòro fún àwọn ọmọ. Bí ètò náà yóò ṣe pẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ ló máa ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Màmá ń dá gbé nínú ilé tí bàbá kọ́ sí Òkè-Àró tàbí Ọ̀bà-Ilé, àwọn ọmọ wà ní Èkó, Àbújá tàbí òkè òkun. Lọ́jọ́ kan, màmá ṣubú ní balùwẹ̀, ìpayà bá gbogbo ẹbí, ọmọ kan sáré wálé, ó rí ilé ìtọ́jú kan tí géètì rẹ̀ dára, ó san owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Kó tó di oṣù kẹta, màmá ti padà sílé, wọ́n ti gbẹ, wọn ò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn tó gba olùtọ́jú sínú ilé náà kì í fi bẹ́ẹ̀ sàn jù: obìnrin tí wọ́n gbà ṣe dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó kó ẹrù rẹ̀ lọ láìdágbére, nítorí pé láti ọjọ́ tó ti dé kò tíì sun oorun òru kan pé.

Lójú tèmi, orí owó àti ilé ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé orí òru ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán ni wọ́n ń fi ilé ìtọ́jú hàn wá. Òru ni a fi ń mọ̀ bóyá ìtọ́jú wà níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka àwọn ìpele tó wà nísàlẹ̀.

Ohun tí ẹ ó kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé ìkọ̀wé kan tí a kò ní lò fún nǹkan mìíràn.
- Gbogbo oògùn tí àgbà ń lò, nínú páálí wọn gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ẹnì kan rántí.
- Káàdì ilé ìwòsàn àti èsì àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà.
- Nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, ìwé owó ìfẹ̀yìntì bó bá wà, àti orúkọ báńkì tó ń gbà á wọlé.
- Ọmọ kan tí yóò máa gbẹnu sọ fún ẹbí, àti ọmọ mìíràn tí yóò máa mójú tó owó. Ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ ẹnì kan náà. Ẹni tó ń bá ilé ìtọ́jú jà lórí aṣọ tí wọn kò fọ̀ kò gbọ́dọ̀ tún jẹ́ ẹni tí gbogbo ẹbí ń bi léèrè ibi tí owó gbà lọ.
- Ọjọ́ mọ́kànlélógún, ó kéré tán: méje fún àkíyèsí, mẹ́rìnlá fún ìbẹ̀wò àti ìwé àdéhùn.

Bó bá jẹ́ orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni àgbà wà, tí wọ́n sì ti ní kí ẹ máa gbé wọn lọ sílé, ẹ lè má ní ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ẹ bẹ nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà kó sọ fún yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, iye ìgbà tí àgbà ń jí lóru àti ohun tí wọ́n ń jí fún. Ìyẹn á dípò ìpele àkọ́kọ́ fún yín.

Ìpele kìíní: Ẹ kọ ọ̀sán àti òru àgbà sílẹ̀ fún ọjọ́ méje

Nǹkan mẹ́fà ni ẹ ó máa wò: wíwẹ̀, wíwọ aṣọ, lílọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, dídìde láti orí ibùsùn bọ́ sórí àga, dídá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró di ìgbà tí wọ́n bá dé ibi tó yẹ, àti jíjẹun. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ 2 bí àgbà bá ń dá a ṣe, 1 bó bá jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dì wọ́n mú, 0 bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ aago tí wọ́n ń jí lóru, ohun tó jí wọn, àti bí ó ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó sùn padà.

Ẹ tún ṣàkíyèsí bí iyè wọn bá ń ra: ṣé wọ́n ń lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé wọ́n gbàgbé pé wọ́n ti lò ó, ṣé wọ́n ń fi iná sílẹ̀ lábẹ́ ìkòkò, ṣé wọ́n ti jáde rí tí wọn kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ẹni tó lágbára lẹ́sẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́ nílò ojú tó ń ṣọ́ ọ ju ẹni tó dùbúlẹ̀ lọ.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* Ọmọ tó bá ti Èkó dé ní ọjọ́ Ẹtì kò lè fi ojú ara rẹ̀ ṣe àkíyèsí yìí. Bí màmá bá ti gbọ́ pé ọmọ ń bọ̀, wọ́n á tètè jí, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á jókòó síwájú ilé bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ìfẹ́ ni, wọn kò fẹ́ kí ọmọ dààmú. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé tàbí aládùúgbò tí wọ́n fọkàn tán ni kẹ́ ẹ bẹ̀ kó ràn yín lọ́wọ́ fún ọjọ́ méje náà, kí ẹ sì fún un lóhun tó tọ́ sí i.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ àgbà náà rí ní ìwé yìí. Bó bá kà á tán, tó sì lè sọ pé "láàárín aago méjì sí mẹ́rin òru, ènìyàn gbọ́dọ̀ wà nítòsí wọn", ìpele yìí ti yọrí. Bó bá sọ pé "wọ́n ti ń darúgbó ni", ẹ padà lọ kọ ọ́.

Ìpele kejì: Ẹ mọ irú ìtọ́jú tó bá àkọsílẹ̀ yẹn mu

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà: olùtọ́jú tó ń wá lárọ̀ọ́ tó ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, olùtọ́jú tó ń gbé inú ilé, àti ilé ìtọ́jú àgbà. Nílùú Àkúrẹ́, ìkẹta yìí kò pọ̀ rárá, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹbí ni yóò padà sí ìkejì, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Bí àgbà bá ń sùn di ojúmọ́, tí ìṣòro wọn kò sì ju wíwẹ̀ àti oúnjẹ lọ, olùtọ́jú ọ̀sán tó. Bí wọ́n bá ń jí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóru, ẹnì kan ṣoṣo kò lè tọ́jú wọn tọ̀sán tòru, bó ti wù kó jẹ́ onínúure tó. Ènìyàn méjì ni ẹ ó gbà kí wọ́n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, tàbí kí ẹ wá ilé ìtọ́jú. Bó bá jẹ́ pé egbò wà lára, tàbí rọ́bà ìtọ̀, tàbí abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ibi tí nọ́ọ̀sì gidi wà lóru ni kẹ́ ẹ wá.

Bó bá jẹ́ olùtọ́jú inú ilé ni ẹ fẹ́, ẹ gba oníduùró méjì, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ yín dé ilé wọn. Ẹ má fọkàn tán àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sórí ìwé lásán. Ẹ fún olùtọ́jú ní ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì ti mọ ẹni tí yóò dúró fún un lọ́jọ́ náà. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má lọ mú ọmọbìnrin tó yẹ kó wà nílé ìwé láti abúlé wá kó wá máa gbé àgbà. Iṣẹ́ náà wúwo ju egungun ọmọdé lọ, àgbà náà á sì máa ti ara wọn lójú láti jẹ́ kí ọmọdé ṣe ìmọ́tótó fún wọn.

Ìpele kẹta: Ẹ bá àgbà sọ̀rọ̀

Kì í ṣe ìpàdé ẹbí tí gbogbo ọmọ yóò ti jókòó yí màmá ká bí ìgbà tí wọ́n ń dájọ́. Ọmọ kan tàbí ọmọ méjì ni, ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má ṣe pa irọ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọn yóò lò níbẹ̀. Irọ́ yìí ló ń ba ètò jẹ́ jù lọ, nítorí pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni àgbà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù, tí wọn kò sì ní gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́.

Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọn kò lè ṣe aláìní. Ìyá mi dárúkọ mẹ́ta: ìrọ̀rí wọn, rédíò tí wọ́n fi ń gbọ́ ìwàásù àárọ̀, àti pé kí ẹni tí yóò máa wẹ̀ wọ́n jẹ́ obìnrin. A kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, òun la sì fi ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́ níbikíbi tí a bá dé. Fún Mùsùlùmí, ẹ béèrè nípa omi àlùwàlá, àyè ìrun àti ààwẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ pé ìjọ kan ló ni ilé náà. Ẹ béèrè nípa èdè pẹ̀lú. Àgbà tí iyè wọn ń ra máa ń padà sí ẹ̀ka èdè tí wọ́n gbọ́ ní kékeré, tí ẹni tó ń tọ́jú wọn kò bá sì gbọ́ èdè Àkúrẹ́ tàbí ti Oǹdó, yóò máa rò pé wọ́n ń sọ ìsọkúsọ nígbà tí omi ni wọ́n ń béèrè.

Àwọn kan nínú ẹbí yóò sọ pé ẹ fẹ́ gbé ìyá yín jù sígbó. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yẹn kò sọ pé ọwọ́ ọmọ nìkan ni ọmú náà gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ fi àkọsílẹ̀ ọjọ́ méje han ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń bínú, kí ẹ sì bi í tìfẹ́tìfẹ́ bóyá òun lè gba òru méjì nínú ọ̀sẹ̀. Àwọn kan á gbà, ìyẹn sì ti di ìrànlọ́wọ́.

*Àyẹ̀wò:* Àgbà lè sọ fún àlejò, lọ́rọ̀ ara wọn, ibi tí wọ́n ń lọ àti ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé iyè wọn ti ra débi tí èyí kò fi ṣeé ṣe, ó kéré tán kí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ bá wọn lọ, kó sì sùn níbẹ̀ tàbí nítòsí lálẹ́ àkọ́kọ́.

Ìpele kẹrin: Ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta

Ìpele yìí ni kí ẹ fi àkókò sí jù.

*Ìgbà àkọ́kọ́* jẹ́ ọ̀sán, pẹ̀lú àdéhùn. Ẹ béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sì wá orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú òpó àjọ CAC tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ní àwọn ní, kí ẹ wo orúkọ àti ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀; wíwọ aṣọ funfun kọ́ ni jíjẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ bi wọ́n pé bí àìsàn bá dé lóru, ilé ìwòsàn wo ni wọ́n ń gbé ènìyàn lọ, mọ́tò ta ni, ta ni yóò wà á. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì UNIMED ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ FMC sì wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá dáhùn pé "a máa ń pe ọmọ ni" kò tíì ní ìdáhùn, nítorí pé ọmọ náà lè wà ní Ibadan lójú oorun.

*Ìgbà kejì* jẹ́ àkókò oúnjẹ, láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi ojú sí oúnjẹ nìkan. Ẹ wo ọwọ́ tó ń fún ni jẹ. Ṣé ó ń dúró kí àgbà gbé èyí tó wà lẹ́nu mì? Ṣé àgbà jókòó tààrà, àbí wọ́n dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣíbí rọ ògì sí wọn lẹ́nu? Ẹni tó ń jẹun ní ìdùbúlẹ̀ lè fa oúnjẹ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pa á. Ẹ wo bóyá omi mímu wà níbi tí ọwọ́ àgbà lè tó. Ẹ wo balùwẹ̀: ṣé irin ìdìmú wà lára ògiri, ṣé ilẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, ṣé àtẹ̀gùn wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ gbóòórùn. Òórùn ìtọ̀ díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nílé tí àgbàlagbà wà, àmọ́ bí òórùn náà bá ti wọ inú ibùsùn, ó ti pẹ́ níbẹ̀.

*Ìgbà kẹta* ni òru. Ìyẹn ni èmi kò ṣe fún ìyá mi, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ibi tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ mọ́ tónítóní lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ dá mi dúró lójú ọ̀nà Iléṣà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá kí n tó débẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ohùn ìyá mi, wọ́n ń pe orúkọ mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ti ń pè é tipẹ́. Aṣọ ìró wọn ti tutù dé ẹ̀yìn. Agogo tí wọ́n ní kí wọ́n máa fi pe ènìyàn wà nínú yàrá náà lóòótọ́, orí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ni wọ́n gbé e kọ́, ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí ibùsùn. Ìyá mi kò lè dá dìde. Wọ́n na ìka sí i, wọ́n ní, "Ta ni wọ́n ní kó máa lu ìyẹn?" Nígbà tí mo yí wọn padà, egbò kan ti là sí gìgísẹ̀ wọn, ó pọ́n, àárín rẹ̀ ti dúdú. Ènìyàn kan ṣoṣo ló wà lórí iṣẹ́ lóru yẹn fún àgbàlagbà mọ́kànlá, ó sì rẹ òun náà.

Nítorí náà, ẹ sọ fún wọn láti ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ pé ẹ ó wá lóru lọ́jọ́ kan tí ẹ kò ní dá. Ibi tó bá kọ̀ pátápátá, ẹ fi sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀:

1. Ẹ ka àwọn tó wà lórí iṣẹ́ tí wọ́n sì jí, kí ẹ pín iye àgbà tó wà nílé fún wọn. Bí ìpín ọ̀kan bá ju mẹ́fà lọ, tí púpọ̀ nínú àwọn àgbà náà kò sì lè dá dìde, ó ti pọ̀ jù lójú tèmi.
2. Ẹ wá agogo tàbí ohun tí wọ́n fi ń pe ènìyàn, kí ẹ jókòó sórí ibùsùn, kí ẹ wò bóyá ọwọ́ yín tó o. Ẹ lù ú, kí ẹ ka ìṣẹ́jú.
3. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìyíra sílẹ̀. Àgbà tí kò lè dá yí ara padà, nǹkan bíi wákàtí méjì-méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa yí wọn, kí egbò má baà là sí gìgísẹ̀, ìbàdí àti ìdí. Bí wọ́n bá ti fi bírò kan náà kọ gbogbo ọ̀sẹ̀ láìsí àlàfo kan, kì í ṣe òru ni wọ́n kọ ọ́.
4. Ẹ wo iná. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ṣé ìnfátà tàbí sólà wà tó ń tan ọ̀nà balùwẹ̀, àbí òkùnkùn biribiri ni? Nínú òkùnkùn ni àgbà ti ń ṣubú.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ lè dárúkọ ẹni tó wà lórí iṣẹ́ lóru tí ẹ lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀gá tó ni ilé nìkan ni ẹ mọ̀, ẹ kò tíì rí ẹni tí yóò tọ́jú àgbà yín.

Ìpele karùn-ún: Ẹ ṣírò owó náà tán pátápátá, kí ẹ tó pín in

Iye tí ilé ìtọ́jú bá pè kì í ṣe iye tí ẹ ó san. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, kí ẹ wá fi iye tòótọ́ tí wọ́n bá pè fún yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní wọ́n ní ₦150,000 lóṣù fún yàrá, oúnjẹ àti ìtọ́jú. Ká ní oògùn jẹ́ ₦40,000. Bí àgbà bá ń lo páńpásì mẹ́rin lójúmọ́, ọgọ́fà ni lóṣù. Bí mẹ́wàá bá wà nínú páálí kan tí páálí sì jẹ́ ₦6,000, ó di ₦72,000. Ẹ fi ₦18,000 kún un fún ọkọ̀ àti àyẹ̀wò dókítà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦280,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n kọ́kọ́ pè. Orí páńpásì gan-an ni ìjà ẹbí ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ níbi ìpàdé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ohun tó ń wọlé fún àgbà fúnra wọn. Owó ìfẹ̀yìntì lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ̀yìntì lábẹ́ ètò àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí òṣìṣẹ́ kì í dá owó sí, àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní PTAD ló ń san tiwọn, wọ́n sì ní ètò ìfẹ̀rí-hàn pé ẹni náà wà láàyè, tí wọ́n ń pè ní "I Am Alive", tí ọmọ lè bá wọn ṣe lórí fóònù. Ẹ má jẹ́ kí kíkó láti ilé dé ilé ìtọ́jú mú wọn gbàgbé rẹ̀. Ẹ má sì gba káàdì ATM àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ àgbà kí ẹ máa ná an bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wọn lọ sí báńkì nígbà tí ọpọlọ wọn ṣì pé, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fún ọmọ kan ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó fi ojú rere ṣe é láìsí ìwé ni wọ́n ń pè ní olè lẹ́yìn ìsìnkú.

Ètò ìlera aláfọwọ́sowọ́pọ̀ náà wà, tí a ń dá owó sí ṣáájú kó lè bá wa san owó ilé ìwòsàn. Òfin ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn tó ń gbé Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ní àjọ tirẹ̀ tó ń rí sí i. Ẹ fi orúkọ àgbà sílẹ̀ kí àìsàn tó dé. Àmọ́ ẹ má ṣe kà á mọ́ owó ìtọ́jú: ilé ìwòsàn ló wà fún, kì í san owó fún ẹni tó ń wẹ àgbà tó sì ń fún wọn lóúnjẹ.

Nígbà náà ni kẹ́ ẹ wá pín èyí tó kù. Pípín dọ́gba kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ òdodo. Bí àwọn ọmọ bá jẹ́ mẹ́ta, tí kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì, èyí tó wà ní Kánádà lè mú ₦140,000, ti Èkó ₦90,000, ti Àkúrẹ́ ₦50,000, nítorí pé ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ ni yóò máa lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí wọn yóò máa pè láàárín òru. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti oorun rẹ̀ náà jẹ́ owó. Ẹ sọ ọ́ jáde lójú gbogbo ènìyàn, kí àbúrò tó wà nílé má baà dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ ṣí àkáǹtì kan lọ́tọ̀, kí gbogbo owó máa gba ibẹ̀ wọlé, kí ó sì máa gba ibẹ̀ jáde. Kí owó oṣù tó ń bọ̀ ti wọlé kí ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù tó pé. Ẹni tó ń mójú tó o yóò máa fi rìsíìtì ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí ní ìparí oṣù, láìjẹ́ pé wọ́n béèrè. Kí ẹ tó gbé àgbà kúrò nílé, ẹ ti fi owó oṣù méjì sílẹ̀ fún àìròtẹ́lẹ̀; nínú àpẹẹrẹ wa, ₦560,000 ni.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* Sísan owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan nítorí pé wọ́n ní àwọn yóò dín in kù. Nígbà tí owó bá ti wà lọ́wọ́ wọn tán, ọ̀rọ̀ yín á fúyẹ́ lójú wọn. Oṣù-oṣù ni kẹ́ ẹ máa san, bó tilẹ̀ wọ́n jù díẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ bi ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé èló ni tirẹ̀, ọjọ́ wo ni yóò san án, ta ni yóò dí àlàfo náà bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìdáhùn wọn kò bá bá ara mu, ẹ kò tíì fẹnu kò.

Ìpele kẹfà: Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé

Ìwé àdéhùn kò gbọ́dọ̀ ju ohun tí ẹ lè kà tán lẹ́ẹ̀kan lọ. Kí nǹkan wọ̀nyí wà nínú rẹ̀: ohun tí owó oṣù bò àti ohun tí kò bò, iye ènìyàn tí yóò wà lórí iṣẹ́ lóru, ẹni tí yóò máa fún àgbà ní oògùn àti ibi tí yóò ti máa kọ ọ́ sílẹ̀, iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ní láti fi pe ẹbí bí àgbà bá ṣubú, ọjọ́ mélòó ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi kún owó, àti pé ẹbí lè wá nígbàkígbà. Bí wọ́n bá gba owó ìdúró, kó má ju ti oṣù kan lọ, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọn yóò dá a padà.

Ohun kan wà tí a kì í fẹ́ sọ. Bí ọlọ́jọ́ bá dé ní ọjọ́ kẹrin oṣù, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó oṣù yẹn? Ẹ béèrè, ẹ kọ ọ́. Kì í ṣe èpè.

Bó bá jẹ́ olùtọ́jú inú ilé ni, ìwé náà ṣì pọn dandan: wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi, ibi tí yóò sùn, ọjọ́ tí owó yóò máa wọlé. Ẹ san án lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ẹ jẹ ní owó oṣù méjì kò lè fi ọkàn kan yí ìyá yín padà ní aago mẹ́ta òru.

Ìpele keje: Ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ gbé àgbà lọ ní òwúrọ̀, kì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́, kí ojú wọn lè mọ ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ kó ìrọ̀rí wọn dání, àti aṣọ ìbora tí wọ́n mọ òórùn rẹ̀. Ẹ wọn ìwúwo wọn lọ́jọ́ náà, kí ẹ wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, kí ẹ sì wo awọ gìgísẹ̀, ìbàdí àti ìdí wọn lójú olùtọ́jú, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó má baà di "wọ́n gbé e wá bẹ́ẹ̀ ni."

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lè le. Àgbà lè sunkún, wọ́n lè kọ oúnjẹ, wọ́n lè ní kí ẹ wá mú àwọn lọ sílé. Ẹ má dẹ́kun àbẹ̀wò nítorí pé ẹkún wọn ń dùn yín. Kúkúrú ni kó jẹ́, àmọ́ kó máa wáyé déédéé. Ẹ yí aago tí ẹ ń lọ padà nígbà gbogbo, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ẹkún ìbánújẹ́ yàtọ̀ sí ẹkún ìbẹ̀rù. Bí àgbà bá ń dákẹ́ lójijì tí ẹnì kan pàtó bá wọlé, bí ọgbẹ́ bá wà ní apá tí kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé, bí wọ́n bá ń sùn ṣáá lọ́sàn-án tí kò sì sí oògùn oorun nínú ìwé dókítà, ẹ má dúró de ọgbọ̀n ọjọ́.

*Àyẹ̀wò:* Ní ọjọ́ ọgbọ̀n, ẹ wọn ìwúwo lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wo awọ ara, kí ẹ ka oògùn tó kù nínú páálí bóyá ó bá iye ọjọ́ mu. Bí ìwúwo kò bá lọ sílẹ̀, tí awọ mọ́, tí oògùn pé, tí àgbà sì mọ orúkọ ẹnì kan níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹnu ara wọn pè, ẹ san owó oṣù kejì. Bí ọ̀kan nínú rẹ̀ kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fún wọn ní ìwé, kí ẹ dá ọjọ́ mẹ́rìnlá láti tún un ṣe, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn láàárín ọjọ́ náà. Bó bá di dandan láti gbé wọn kúrò, òwúrọ̀ náà ni kó jẹ́, pẹ̀lú ìrọ̀rí kan náà, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé oògùn wọn kí ẹ tó jáde ní géètì.